Ẹ Fi Ẹ̀jẹ̀ Wa Lọ́rùn Sílẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ìlera Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, tí ètò ìlera wà níkàáwọ́ yín ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Òǹdó, Èkìtì àti Èkó,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Télọ̀ ni mí, Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n gé, n kì í ṣe dókítà, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé mo jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ inú, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní ulcer, ti kó mi lówó lọ, ó ti gba oorun lójú mi, ó sì kù díẹ̀ kó gba ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́wọ́ wa. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín, kò sì tóbi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ mi.

Ẹni tó bá ti jókòó sídìí máṣíìnì rí nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì mọ̀ pé télọ̀ kì í rántí oúnjẹ. Aṣọ oníbàárà ló wà lọ́kàn rẹ̀, àti ẹnu oníbàárà. Nítorí náà, nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí lókè ìdodo, tó ń jí mi láago méjì òru bí ẹni pé wọ́n da ata gígún sí mi nínú, gbogbo èèyàn ló ti mọ ohun tó ń ṣe mí kí n tó la ẹnu. Ebi ni. Ulcer ni. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n ṣe oúnjẹ fún mi. Aládùúgbò kan ní omi kábéèjì ni kí n máa mu ní àárọ̀ kùtùkùtù. Mo mu oògùn funfun tí à ń gbọ̀n kí á tó mu, mo jẹ èyí tí à ń rún lẹ́nu bí súìtì. Ara á rọ̀ mí fún ọjọ́ mẹ́ta, á tún gbé e dé.

Ní 2019, ẹnì kan ní kí n lọ yẹ H. pylori wò, ìyẹn kòkòrò kan tó ń gbé nínú ikùn, tó sì lè dá ọgbẹ́ síbẹ̀. Láàbù kékeré kan kò jìnnà sí mi. Wọ́n gún mi níka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ sórí páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jọ èyí tí àwọn obìnrin fi ń mọ̀ bóyá oyún ti dúró. Ìlà pupa méjì yọ. “Bàbá, ó wà lára yín o.” Mo ra oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá, mo sì lò ó tán pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní gbogbo ọjọ́ náà ńṣe ló ń ṣe mí bí ẹni pé mò ń lá idẹ. Inú náà rọ̀. Oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ó tún bẹ̀rẹ̀, mo padà sí láàbù kan náà. Ìlà pupa méjì. Oògùn míì. Lọ́dún kejì, ìlà pupa méjì, oògùn míì, èyí tó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo ti ń ronú pé ẹnì kan ló ń ṣe mí láti ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà tí ọkàn èèyàn máa ń gbà bí oògùn bá ń kọ iṣẹ́.

Dókítà ọmọbìnrin kan, tí mo lè bí lọ́mọ dáadáa, ló gbà mí sílẹ̀. Mo tẹ́ ìwé èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú rẹ̀ bí ẹni ń pàtẹ ọjà. Ó wò wọ́n, ó ní, “Dádì, bí ẹ bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò títí ọdún mẹ́ta òní, ohun tó máa sọ náà nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ò sọ pé kòkòrò wà nínú yín. Ó ní ó ti wà níbẹ̀ rí.” Ó ṣàlàyé pé bí kòkòrò bá wọ ara, ara á kó ọmọ ogun jọ dè é. Ọmọ ogun yẹn ni páálí náà ń rí. Ogun lè ti tán, kí àwọn ọmọ ogun ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àní fún ọdún.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀, nítorí mo ní ìwé ìwọ̀n kan ní ṣọ́ọ̀bù tó ti lé ní ogún ọdún. Ìwọ̀n ìyàwó kan tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó fún ní 2004 wà nínú rẹ̀, ìbàdí íǹṣì méjìdínlógójì. Bí mo bá ṣí ojú ewé yẹn, mo mọ̀ dájú pé obìnrin náà wá sọ́dọ̀ mi rí. Bí mo bá wá tìtorí ìyẹn fi í gé búbà àti ìró fún un lónìí láìfa téèpù jáde, ẹ ẹ̀ rí i pé èébú ni mò ń wá.

Ìgbọ̀nsẹ̀ ló ní kí n gbé wá. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni ara kòkòrò náà gan-an, kì í ṣe ọmọ ogun. Ó bi mí bóyá mò ń lo omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lójoojúmọ́. Ó ní kí n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbé ohunkóhun wá, kí ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti lo oògùn apakòkòrò èyíkéyìí kẹ́yìn. Ó ní àwọn oògùn wọ̀nyí máa ń mú kí kòkòrò náà dínkù, kó sì fara pa mọ́, èsì á wá sọ pé kò sí, nígbà tó jẹ́ pé ó wà. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí, láti 2019.

Bí mo ṣe di ẹni tó gbé ìgbẹ́ ara rẹ̀ wọ Micra nìyẹn. Ife ọ̀rá kékeré olómorí ni, mo fi nylon dúdú méjì wé e, mo gbé e sórí itan. Ìyá kan tó jókòó tì mí ń wo nylon náà láti Mókọ́lá. Nígbà tó yá, kò lè mú un mọ́ra mọ́: “Bàbá, ṣé mọ́ínmọ́ín ni?” Mo ní oògùn ni, màmá. Ó ní oògùn náà gbóná o.

Èsì jáde: kò sí kòkòrò kankan. Bóyá láti ọjọ́ mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ ló ti lọ, tí mo sì ń yìnbọn lu ilé òfìfo. Kí ló wá ń ta mí? Dókítà bi mí ohun tí mò ń lò fún ẹ̀yìn. Òótọ́ ni, ẹni tó ń tẹ̀ mọ́ máṣíìnì látàárọ̀ kò lè ṣàìní ẹ̀yìn ríro, mo sì ní hóró diclofenac kan tí mò ń gbé mì ní alaalẹ́, lórí ikùn òfìfo. Ó ní òun yẹn pẹ̀lú ibuprofen àti aspirin wà lára ohun tó ń dá ọgbẹ́ sínú ju ohun gbogbo lọ, yàtọ̀ sí kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ebi tí wọ́n ń purọ́ mọ́ kò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀. Ata náà kò jẹ̀bi: ó lè ta ọgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀, òun kọ́ ló dá a síbẹ̀.

Dókítà yẹn ló tún sọ ìtàn àwọn ará Perth ní Australia fún mi. Mo ti wá a wò fúnra mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìgbà náà, nítorí ó dùn mọ́ mi ju àlọ́ ìjàpá lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé kí àwọn ọdún 1980 tó wọlé, àwọn dókítà ńláńlá ayé ò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí aládùúgbò mi? Ìrònú, ata, omi kíkan tó pọ̀ jù nínú ikùn, òun ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Wọ́n gbà pé kòkòrò kan ò lè gbé nínú omi tó kan tó yẹn. Ní 1979, Robin Warren, tó máa ń fi máíkírósíkóòpù wo ẹran ara aláìsàn ní Royal Perth Hospital ní Australia, rí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan tó lọ́ bí okùn lára ẹran ikùn. Ní 1981, ọ̀dọ́mọdé dókítà kan, Barry Marshall, wá bá a dá sí i. Wọ́n gbìyànjú láti mú kòkòrò náà hù nínú àwo, kò hù, nítorí ọjọ́ méjì péré ni láàbù máa ń fún un kí wọ́n tó dà á nù. Ọdún Àjíǹde 1982 ló gbà wọ́n. Ìsinmi gùn, iṣẹ́ pọ̀ ní láàbù, kò sẹ́ni tó rántí àwo náà. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé, ó ti hù.

Síbẹ̀ àwọn àgbà ò gbà. Ní 1984, Marshall po kòkòrò náà mọ́ omi, ó gbé e mu. Lẹ́yìn tó mu ún tán ni ìyàwó rẹ̀ tó gbọ́. Ọjọ́ bíi mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé ẹnu rẹ̀ ń rùn, kò pẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n ki okùn oníkámẹ́rà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ikùn tó mọ́ tónítóní kó tó mu kiní náà ti wú, ó ti pọ́n, kòkòrò sì kún ibẹ̀. Ní 2005, wọ́n fún òun àti Warren ní ẹ̀bùn Nobel. Kó tó dìgbà yẹn, ní 1994, ẹ̀ka tó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ka kòkòrò náà mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ìyẹn jẹjẹrẹ ikùn.

Báwo ló ṣe wá ń gbé nínú omi kíkan? Èyí ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ẹ mọ bí ìyàwó ilé ṣe máa ń fi káún díẹ̀ sí tòmátì tó bá kan jù. Kòkòrò yìí ní káún tirẹ̀. Ó máa ń fa ohun kan tó wà nínú ìtọ̀ àti nínú ara wa, tí wọ́n ń pè ní urea, yọ, á sọ ọ́ di ammonia, á fi bo ara rẹ̀ yíká, kíkan ibẹ̀ á rọ̀. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń mú un. Ní àwọn ibi tó lówó, wọ́n á fún ọ ní urea tí wọ́n ti sàmì sí gbé mì, wọ́n á ní kí o fẹ́ èémí sínú àpò. Bí àmì yẹn bá bá èémí jáde, ẹnì kan ló wà nínú ikùn rẹ tó fọ́ ọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, mi ò ní bẹ̀ yín fún ìyẹn. Ìgbọ̀nsẹ̀ ò béèrè ẹ̀rọ ńlá, ó sì tọ́ bákan náà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ wo iye tí ó jẹ́. Àkópọ̀ ìwádìí kan tó jáde ní 2017 gbé orílẹ̀-èdè káàkiri ayé lé òṣùwọ̀n, Nàìjíríà ló wà lókè pátápátá: nǹkan bí 87.7 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ni kòkòrò náà ń bá gbé. Ní Switzerland, kò pé 19. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ wa ti kó o, nínú ilé, láti ọwọ́ àti ẹnu ara wa. Ọ̀pọ̀ jù lọ ni kì í ṣe ohunkóhun. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ní i, bóyá ẹnì kan tàbí méjì ló máa dá ọgbẹ́ sí nínú láyé rẹ̀. Nílùú tó rí báyìí, kí ni ìlà pupa méjì orí páálí ẹ̀jẹ̀ wá ń sọ fún mi? Kò sọ ju pé Nàìjíríà ni wọ́n bí mi sí. Mo ti mọ ìyẹn kí wọ́n tó gún mi níka.

(Ọ̀rọ̀ Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe fún ibà táífọ́ọ̀dù, ò jìnnà sí èyí. Ọmọ Ìbàdàn wo ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí tí wọ́n ò ní ó ní “táífọ́ọ̀dù díẹ̀”? Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún lẹ́tà míì.)

Ti ẹ̀gbọ́n mi ni kì í jẹ́ kí n sùn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Orúnkún ń dùn ún, òun náà ń lo oògùn ara ríro, nọ́ọ̀sì kan sì fi omeprazole kún un kí ó má bàa ta á nínú. Ìyẹn dáa. Nígbà tí inú náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó lọ sí ọsibítù kan, àwọn ìyẹn tiẹ̀ mọ̀ọ́n ṣe, ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó dá omeprazole dúró. Èsì ní kò sí. Ó fọkàn balẹ̀, gbogbo wa náà fọkàn balẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ di dúdú. A ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ń lò ni, nítorí a mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ ọ́ di dúdú. Àṣìṣe wa nìyẹn. Èyí tí oògùn sọ di dúdú kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan. Tirẹ̀ ń lẹ̀ bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tó máa gbàgbé. Ẹ̀jẹ̀ ni. Nígbà tó dìde lórí ẹní láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣubú lulẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ páìǹtì mẹ́ta ni wọ́n fà sí i lára. Wọ́n ki okùn oníkámẹ́rà wọnú rẹ̀, wọ́n rí ọgbẹ́ náà, wọ́n já ẹran ínṣín kan, wọ́n fi sínú oje pupa rúsúrúsú kan báyìí. Wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ẹ̀gbẹ́ ẹran náà lọ, ó pọ́n fòò bí omi sóbò. Káún yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Kòkòrò wà níbẹ̀ láti ìgbà yìí.

Èmi lo oògùn léraléra fún ohun tó ṣeé ṣe kó ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò lo ẹyọ kan fún ohun tó fẹ́ pa á.

Lórí oògùn, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni àwọn apòògùn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró sí iwájú kẹ́míìsì kan ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo bí a ṣe ń tà á. Ẹni tí inú ń ta á dé, wọ́n á ka Flagyl mẹ́fà àti kápúsù mélòó kan sínú nylon fún un, ó di ọjọ́ mẹ́ta. Ìgbẹ́ gbuuru, Flagyl; inú rírun, Flagyl. Ìyẹn ló fà á tí kòkòrò náà fi ti mojú Flagyl níbí, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Clarithromycin, oògùn apakòkòrò míì, náà ti ń rí bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀ láyé, WHO sì ti kọ kòkòrò tó ń ta kò ó mọ́ àwọn tó nílò oògùn tuntun kíákíá ní 2017. Ìlànà tí àwọn dókítà inú ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2024 ní oògùn mẹ́rin ni kí wọ́n fi kọ́kọ́ kọlù ú, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko: èyí tó ń dín omi kíkan kù, bismuth, tetracycline àti metronidazole, tó jẹ́ Flagyl yìí náà, ní ìwọ̀n tó pọ̀ tó. Hóró mẹ́fà inú nylon kò sí lára rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò ìgbọ̀nsẹ̀ yìí wà ní gbogbo ọsibítù ìjọba tó bá ní láàbù, kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ sì máa san owó rẹ̀ bó ṣe ń san ti ibà. Ẹ sọ fún àwọn láàbù aládàáni tí òṣìṣẹ́ yín ń lọ yẹ̀ wò pé kí wọ́n yéé fi páálí ẹ̀jẹ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kòkòrò wà nínú rẹ̀ tàbí pé ó ti lọ. Kí ìwé kékeré kan máa bá ife ìgbọ̀nsẹ̀ náà rìn, ní Yorùbá, tí a fi kọ ọ́ pé: ṣé o ti dá omeprazole dúró láti ọ̀sẹ̀ méjì? Ṣé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí o lo apakòkòrò kẹ́yìn? Kí ẹni tó bá lo oògùn tán sì padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí bí inú bá rọ̀, kò túmọ̀ sí pé kòkòrò ti lọ. Ẹni tó bá ń rù, tí oúnjẹ ń há lọ́fun, tó ń bi ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ dà bí ọ̀dà, kí wọ́n má ṣe dá a dúró sídìí àyẹ̀wò kankan. Kámẹ́rà ni tirẹ̀, lọ́jọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní owó ò sí. Owó tí mo fi ra oògùn lásán kì í ṣe ti ìjọba, àmọ́ owó ni. Ẹ ronú iye èmi tó wà ní ìgboro.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lo oògùn rẹ̀ tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, wọ́n sì ti ní kó dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ló máa gbé ife tirẹ̀ lọ. Ó ní òun ò ní gbé nylon dúdú kankan wọ Micra láyé òun. Mo ti fi àjẹkù àǹkárá rán àpò kékeré kan fún un, olójú síìpù, mo fi ọ̀rá bo inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi í bóyá mọ́ínmọ́ín ni.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Télọ̀ kan ní Ìbàdàn